Obìnrin Tí Kámẹ́rà Kò Yà

Ẹkún obìnrin kan ni Toyibat kọ́kọ́ rí kó tó rí Sírájúdéènì. Ó ń ti ilé oníbàárà bàbá rẹ̀ bọ̀, níbi tó ti lọ bá a já aṣọ tí wọ́n rán, ni òjò lé e wọ abẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù kan ní òpópónà Ilo-Awela. Bó ṣe ń fún omi kúrò létí hìjáàbù rẹ̀ ló bojú wo inú ilé. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lára ògiri, obìnrin kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń sunkún. Omi ojú rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ imú ṣàn bọ̀, èèyàn sì lè ka irun ìpéǹpéjú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àánú rẹ̀ ti fẹ́ ṣe Toyibat.

Àfi bí ojú obìnrin náà ṣe yí padà lójijì. Ẹkún dá. Irun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ di odidi ìdì kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán wá rí bíi páálí tí omi rin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri láàárín ìgbẹ́ kan tí ewé rẹ̀ ṣe bàìbàì.

"Ẹ ti bà á jẹ́," ni Toyibat wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ọkùnrin tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n yí ọrùn padà. Ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, páàdì géèmù wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí àlejò.

"Mi ò bà á jẹ́ o. Fíìmù ló parí, eré ló bẹ̀rẹ̀."

"Ẹnì kan náà ni?"

"Ẹnì kan náà ni."

"Irọ́ ni," ni Toyibat wí.

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí kì í tètè gba olólùfẹ́ gbọ́, pàápàá àwọn tó bá fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjì yìí fi "irọ́ ni" bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n dúró wò wọ́n.

Iṣẹ́ Toyibat ni kó máa fura. Ilé-iṣẹ́ kan ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Sango, níbi tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán sára ọ̀rá bisikíìtì. Ẹnu ẹ̀rọ ló máa ń dúró sí, yóò gbé awò kékeré kan lé ojú, yóò sì máa yẹ dọ́ọ̀tì wò, ìyẹn àwọn ẹ̀kán àwọ̀ wẹ́wẹ́ tó ń para pọ̀ di àwòrán. Bí àwọ̀ pupa bá fi ìwọ̀n irun orí yẹ̀ lára yẹ́lò, òun ni yóò ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. Ká sòótọ́, wọ́n ń sanwó fún un kó má baà gba ohun tó rí gbọ́.

Kí ilé-iṣẹ́ sì tó gbà á ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìfura náà. Àmọ̀dá ni orúkọ bàbá, télọ̀ ni ní Oju Ore. Látìgbà tí ìyá Toyibat ti kú, òun nìkan ló tọ́ ọmọ náà dàgbà, ọ̀rọ̀ kan ló sì fi tọ́ ọ: ìfura loògùn àgbà. Bí oníbàárà bá mú aṣọ wá tó ní òwú gidi ni, Bàbá Àmọ̀dá á fà á, á gbóòórùn rẹ̀, á tún ṣáná sí fọ́nrán kan létí rẹ̀ wò bóyá á yọ́ bí ọ̀rá, kó tó gbà.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló dúró sẹ́nu ọ̀nà Sírájúdéènì.

"Ẹ wọlé, òjò ń pa yín," ni Sírájú wí. "Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú fíìmù tó ṣáájú eré, ẹ̀rọ géèmù yìí ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ó mọ ibi tí obìnrin yẹn máa wò, ó mọ ìgbà tí omi ojú ẹ̀ máa bọ́. Ojú kan péré ló fẹ́ yà, gbogbo dọ́ọ̀tì tó bá ní ló lè dà sí i. Àmọ́ tí mo bá ti di páàdì mú, kò mọ ibi tí mo máa yà sí mọ́. Mo lè wòkè, mo lè sáré, mo lè padà sẹ́yìn. Gbogbo ìgbẹ́ yẹn ló gbọ́dọ̀ wà ní sẹpẹ́. Ó máa dín dọ́ọ̀tì kù nìyẹn, á wá na ìwọ̀nba tó kù kó lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n."

"Bíi kí wọ́n na aṣọ ọmọdé wọ àgbà."

"Ẹ ò wá rí i."

"Jìbìtì ni, tẹ́ ẹ bá máa gbọ́. Wọ́n fi èyí tó dáa pe èèyàn, wọ́n wá gbé èyí tí ò dáa lé e lọ́wọ́."

"Àwọn kan wà tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn, ibi tágbára wọn mọ náà nìyẹn."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Èwo lẹ̀yin?"

Sírájú rẹ́rìn-ín. "Èmi? Eré lásán lèmi. Mi ò ní fíìmù kankan."

"Ẹni tó ní fíìmù ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ni Toyibat fèsì, ó sì jókòó, torí òjò kò tíì dá.

Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, òjò ò sì rọ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lóòótọ́ ni gbogbo géèmù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sírájú gbé àga fún un, ó gbé géèmù kan tẹ̀ lé òmíràn sí ẹ̀rọ, Toyibat sì ń dá a dúró níbi tí fíìmù ti fẹ́ di eré: "Dúró. Padà sẹ́yìn. Ibẹ̀ yẹn gan-an." Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú, Sírájú ti ń pè é ní Ìsípẹ́kítọ̀, òun náà ti ń pe Sírájú ní Alágbàwí Irọ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì pe ẹnì kejì ní "ẹ" mọ́.

Ìfẹ́ wọlé síbẹ̀. Toyibat kì í fẹ́ gbà, ṣùgbọ́n bó bá ti ku díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, ọkàn rẹ̀ á ti kúrò nídìí ẹ̀rọ. Fọláwẹwọ́, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń dúró ti ẹ̀rọ, á ní, "Toyibat, ọ̀rá ti ń kọjá o, ojú ẹ dà?" Ní ti Sírájú, ó ti ra awò kékeré kan sí ṣọ́ọ̀bù tí kò lò ó fún nǹkan kan, kí ọmọbìnrin náà lè ní tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ẹ̀rọ ti dín dọ́ọ̀tì kù. Ó dá àwòrán dúró, ó fẹ etí òrùlé kan lójú tẹlifíṣọ̀n títí kò fi sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Etí òrùlé náà, tó tọ́ lókèèrè, ti wá gé wẹ́wẹ́ bí àtẹ̀gùn.

"Bí àtẹ̀gùn bá ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni dọ́ọ̀tì ṣe kéré tó. Ohun tí ẹ̀rọ bá yà fúnra ẹ̀, àtẹ̀gùn á wà níbì kan, pàápàá lára irun. Ó lè bò ó, kò lè mú un kúrò tán."

"Èèyàn ńkọ́?"

"Èèyàn kì í ní àtẹ̀gùn. Mo ti wo tìẹ dáadáa."

"Ta ló ní kó o máa wò mí?"

"Ìwọ náà ń wò mí, Ìsípẹ́kítọ̀. Kí lo rí?"

Toyibat yíjú padà sí òrùlé ojú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó rí ni pé inú òun ń dùn jù, ìyẹn sì ń bà á lẹ́rù.

Ẹ̀rù náà ní ìdí. Ohun kan wà tí Sírájú kì í sọ. Ẹnì kan máa ń pè é lórí fóònù, yóò sì jáde síta lọ sọ̀rọ̀ lédè òyìnbó, yóò wá padà wọlé pẹ̀lú ìdùnnú. "Ta ni?" "Oníbàárà ni." Oníbàárà wo ló ń sọ irú òyìnbó bẹ́ẹ̀ ní Ilo-Awela? Toyibat kò bi í. Ó ká a sínú.

Nígbà tí Sírájú wá kí bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, aṣọ rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà níwọ̀n. Bàbá Àmọ̀dá wò ó bó ṣe ń wo aṣọ.

"Iṣẹ́ wo lo ní o ń ṣe?"

"Mo ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe, sà. Àwọn èèyàn sì máa ń wá san owó ṣe eré géèmù ní ṣọ́ọ̀bù mi."

"Géèmù. Ìyẹn ló ń bọ́ ẹ?"

"Alhamdulillah, sà. Ó ń bọ́ èmi àti màmá mi."

"Hùn-ún." Bàbá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Àwọn ọmọ tó ń gun jíìpù kiri Sango yìí náà, bí wọ́n bá bi wọ́n, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà làwọn ń tún ṣe. Ṣé wàá jẹ ìrẹsì?"

Ọ̀rọ̀ náà ta sí Sírájú lára, ṣùgbọ́n ó jẹ ìrẹsì.

Ọjọ́rú kan ni nǹkan bàjẹ́. Sírájú wà lábẹ́ tábìlì, ó ń jó òjé mọ́ inú ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́, kò sì ríran dáadáa níbẹ̀. "Ìfẹ́ mi, bá mi di tọ́ọ̀ṣì fóònù yìí mú." Toyibat dì í mú. Bó ṣe na iná sí i ni iṣẹ́ kan já wọlé sójú fóònù náà. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì nìyí: "Marta yìí dà bí ẹni gidi. Fi ojú rẹ̀ sí i ránṣẹ́, ètè àti irun ní pàtàkì. Owó rẹ á wọlé lọ́jọ́ Ẹtì."

Àwòrán wà lókè ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin òyìnbó kan ni, irun rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó rẹwà. Toyibat fi àtàǹpàkò tì í sókè. Obìnrin kan náà tó ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan náà tó dijú. Ojú rẹ̀ nìkan. Ètè rẹ̀ nìkan.

Kò sí ọmọ Sango tí kò mọ ohun tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Àwọn ọmọ Yàhúù á kó àwòrán arẹwà òyìnbó jọ, wọ́n á fi ṣe ojú ara wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì máa bá bàbá arúgbó kan lókè òkun sọ̀rọ̀ ìfẹ́ títí yóò fi kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ lọ́wọ́ Toyibat.

"Síbí, síbí," ni Sírájú ń wí lábẹ́ tábìlì. "Kí ló dé?"

"Orí ló ń fọ́ mi." Ó ti fi ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà ránṣẹ́ sórí fóònù tirẹ̀. "Jẹ́ kí n máa lọ sílé."

"Lọ sinmi, olówó orí... ẹ̀hẹn, mo ti fẹ́ ṣìwí. Ìwọ ni màá san owó orí ẹ." Ó ń rẹ́rìn-ín. Toyibat ti jáde.

Nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ tún béèrè lórí oúnjẹ pé, "Kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ yẹn gan-an?" Ká ní kò béèrè, bóyá Toyibat ì bá gbé e mì. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde, fóònù tẹ̀ lé e. Bàbá Àmọ̀dá wo àwòrán náà, kò pariwo. Ó kàn fi ọwọ́ pa ọmọ rẹ̀ lórí, ó ní, "Allahu ló yọ wá."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó pe Alhaji Ọ̀ṣìnúbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní mọ́sálásí. Alhaji yìí ló ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù Sírájú wà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọ bàtà nítòsí ní etí. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo ńlá ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, àwọn oníbàárà sì ti ń tò wá pé kí wọ́n fún àwọn ní ẹ̀rọ àwọn kí ọlọ́pàá tó kó o.

"Ta ni obìnrin òyìnbó tó o fi àwòrán ẹ̀ ń gba owó?" ni Alhaji bi Sírájú lójú gbogbo wọn.

Sírájú wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló di fóònù náà mú rí yàtọ̀ sí tirẹ̀. "Inú géèmù ló wà, sà," ló wí. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì kọjá láàárín wọn.

Bàbá Àmọ̀dá mú ìròyìn náà wálé. "Ẹ gbọ́ o, ó ní inú géèmù lobìnrin náà wà." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Toyibat kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, kò sì jẹ́ kó sùn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, nídìí ẹ̀rọ, ó yọ fóònù, ó fi ìka méjì fẹ àwòrán Marta títí irun tó bo etí rẹ̀ fi gba gbogbo ojú fóònù. Ọdún pípẹ́ ló ti ń wo irun obìnrin lára ọ̀rá. Irun tí kámẹ́rà bá yà, bó o bá fẹ̀ ẹ́ jù, kùrukùru ló máa ń dà, á rọra pòórá sára awọ. Èyí kò di kùrukùru. Ó gé. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan sọ̀kalẹ̀ sẹ́yìn etí ní àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn, àtẹ̀gùn.

Ó na fóònù sí Fọláwẹwọ́. "Wo etí yìí. Ta ló ya èyí?"

Fọláwẹwọ́ wò ó pẹ́. "Kì í ṣe kámẹ́rà o. Ẹ̀rọ ló yà á. Èyí kì í ṣe èèyàn, Toyibat." Ó gbójú sókè. "Kí ló dé tó ò ń sunkún?"

Ilé ìyá Sírájú kò jìnnà sí tiwọn ní Oju Ore. Níwájú ilé ni Toyibat ti bá a, ó tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tún ẹ̀rọ kan tí oníbàárà rẹ̀ kò tíì wá gbà. Kò gbójú sókè.

"Mo ti rí àtẹ̀gùn ẹ̀," ni Toyibat wí.

"O káre."

"Kí ni iṣẹ́ yẹn, Sírájú? Sọ fún mi."

Sírájú ju irinṣẹ́ sílẹ̀. Ó sọ ọ́ láìdáwọ́ dúró, bí ẹni tó ti ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Jámánì tó ní ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tó ti máa ń fi han àwọn tó fẹ́ ra géèmù bí fíìmù rẹ̀ ṣe mọ́ tó àti bí eré rẹ̀ ṣe mọ́ tó, kí wọ́n má baà fi àwòrán dídán tàn wọ́n jẹ. Sírájú ló máa ń ṣe eré géèmù náà, tó máa ń dá a dúró, tó máa ń ka àtẹ̀gùn lára irun àti ètè. Marta ni orúkọ obìnrin inú géèmù tuntun tí wọ́n ń yẹ̀ wò.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi látìgbà yìí?"

"Mo sọ ọ́ rí fún ẹnì kan ní Sango pé òyìnbó ń sanwó fún mi. Ọlọ́pàá ló mú wá. Látìgbà yẹn ni mo ti ń fi í pamọ́ kí wọ́n má baà fura sí mi." Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn. "Ó wá ṣiṣẹ́ gan-an."

"Má bínú, Sírájú."

"Ìwọ ni mo fi iná lé lọ́wọ́. Mo wà lábẹ́ tábìlì níbẹ̀. Kí ló ní kó o má bi mí?"

Toyibat sọ òtítọ́ náà. "Ẹ̀rù bà mí pé wàá purọ́ fún mi, màá sì gbà á gbọ́."

Sírájú wò ó fúngbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì yé e, èyí tó yé e ló tún wá dùn ún jù. "Ó ti tán," ló wí. "Máa lọ sílé."

Nígbà tí Toyibat sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, Bàbá Àmọ̀dá kò gbà. Ó ní ọmọ náà ti fi ọ̀rọ̀ yí Toyibat lórí padà, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Toyibat kò bá a jiyàn. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí òpópónà kún, ó lọ dúró síwájú àgádágodo yẹn nínú oòrùn. Ẹnikẹ́ni tó bá wá béèrè ẹ̀rọ rẹ̀, Toyibat á ní, "Ẹ kú oòrùn. Èmi ni mo sọ pé ọmọ Yàhúù ni. Mo ṣì í mú. Àwòrán inú géèmù ni mo rí, mo pè é ní èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n sọ fún yín." Àwọn kan káàánú rẹ̀. Obìnrin kan bú u pé irú rẹ̀ ló máa ń ba ilé onílé jẹ́. Toyibat kí ìyẹn náà pé ó ṣeun.

Ojú ti Alhaji Ọ̀ṣìnúbí pé ọmọ ọ̀rẹ́ òun ń fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀ níwájú ilé òun. Ó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Bàbá Àmọ̀dá dé tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Toyibat, nílé, kíá."

Toyibat kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. "Bàbá mi, aṣọ tẹ́ ẹ bá fura sí, ẹ kì í dá a padà láìṣáná sí i. Ẹ kò ṣáná sí èyí. Èmi náà ò ṣáná sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣáná sí i, tó bá yọ́ bí ọ̀rá, mo gbà pé irọ́ ni."

Télọ̀ kan kò lè bá ọ̀rọ̀ yẹn jà. Alhaji yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì lọ pe Sírájú. Ó dé, ó kí àwọn àgbà, kò wo Toyibat, ó tan jẹnẹrétọ̀. Bó ti ń kọjá lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n ló wí láìyíjú pé, "Ẹ ní kí arábìnrin yẹn wọ inú ilé. Oòrùn ti pa á jù." Toyibat gbọ́ ọ, ó sì wọlé.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Marta yọjú láti ẹ̀yìn fèrèsé, ó mí kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ ti irun sẹ́yìn etí.

"Òun nìyí," ni Bàbá Àmọ̀dá wí. "Èèyàn ẹlẹ́ran ara ni. Ẹ wo ọrùn ẹ̀."

"Ẹ gba páàdì, sà," ni Sírájú wí. "Ẹ fi àtàǹpàkò ti èyí síwájú."

Bàbá tì í. Fíìmù ti parí. Marta, tí awọ rẹ̀ ti ṣàdédé di bàìbàì, gbéra, ó sì rìn lọ lu ògiri. Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i, ó ń tì í lọ, Marta náà ń rìn mọ́ ògiri, imú rẹ̀ wà lára bíríkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, kò bínú, kò sì yà.

"Ó ń lu ògiri," ni Alhaji wí.

"Mo rí i."

"Dá a dúró, Àmọ̀dá, ó ti tó."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, àfi Alhaji, tó ní kí wọ́n gbé páàdì náà fún òun. Bàbá Àmọ̀dá jókòó, ó yọ fìlà. "Sírájúdéènì, mo ti fi ẹnu mi ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ibi tí mo ti sọ ọ́ náà ni màá ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ." Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ọjọ́ yẹn, ó dìde dúró ní mọ́sálásí, àgbàlagbà ọkùnrin, ó sọ ọ́ síta kí àwọn tó ń wọ bàtà náà lè gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí Sírájú mú àwọn èèyàn rẹ̀ wá.

Nírọ̀lẹ́ yẹn, Toyibat àti Sírájú jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, àga kan ṣófo láàárín wọn.

"Lọ́jọ́ mìíràn tó o bá rí nǹkan tí ò yé ẹ lára mi ńkọ́?" ni Sírájú béèrè.

"Màá bi ẹ́."

"Tí ìdáhùn mi ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn?"

"Màá tún bi ẹ́. Mi ò lè ṣèlérí pé mi ò ní fura, Sírájú. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Àmọ́ ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, kó tó dé etí ẹnikẹ́ni."

"Èyí tó o sọ yẹn tó mi."

"Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Ó ti tán," ló yára wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà gbóná, Toyibat sì fẹ́ ẹ ju ohunkóhun lọ láyé. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ti yá jù létí rẹ̀. Ìgbà kejì nìyẹn tí Sírájú ń sọ pé ó ti tán, èkíní kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Ìwájú ilé Bàbá Àmọ̀dá ni wọ́n ti so yìgì. Sírájú jókòó láàárín àwọn ẹbí rẹ̀ nínú aṣọ tí bàbá ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un. Wọ́n gbé owó sàdáákì kalẹ̀, Àlùfáà ka Kùránì, ó sì yíjú sí Toyibat, ó na máìkì sí i. "Toyibat ọmọ Àmọ̀dá, ǹjẹ́ o gbà kí bàbá rẹ fi ọ́ fún Sírájúdéènì?"

Gbogbo ayé ló mọ àṣà ibẹ̀. Ọmọbìnrin á tẹ orí ba, ojú á tì í, àwọn àgbà á ní ìdákẹ́ rẹ̀ ti tó, ó ti gbà. Toyibat dákẹ́. Àwọn àgbà obìnrin ti ń wí pé, "Ó ti gbà, ó ti gbà." Àlùfáà ti ń fa máìkì padà. Ọwọ́ Toyibat dì í mú.

"Mo ní ìbéèrè kan fún un, ẹ jọ̀ọ́, Alfa."

Ojú Bàbá Àmọ̀dá là. Ìyá Sírájú fi ọwọ́ di àyà mú.

"Sírájúdéènì," ni Toyibat wí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, "èmi ni wọ́n bi bóyá mo gbà. Ìwọ tí mo ṣẹ̀, wọn ò bi ẹ́. Ohun tí mo fi ṣe ẹ́ yẹn, ṣé ó ti tán lóòótọ́?"

Wọ́n na máìkì kejì sí Sírájú. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó ti ya ẹnu láti sọ ọ́. Ó wo ojú ọmọbìnrin náà, ó rí i pé kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀, ó sì pa ẹnu dé. Nígbà tó tún máa là á, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Ó ku díẹ̀," ló wí.

Ẹnì kan ṣe hà láàárín àwọn àlejò.

"Ó ku díẹ̀, Toyibat. Nígbà mìíràn tí mo bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Àmọ́ ó ń dín kù. Ọjọ́ tó bá tán, ìwọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Mo fẹ́ kó o wà nítòsí lọ́jọ́ náà."

Omi bọ́ lójú Toyibat, kò nù ún. Gbogbo "ó ti tán" tó ti gbọ́ látìgbà yẹn, kò sí èyí tó jẹ́ kó sùn dáadáa. Èyí ló wọ̀ ọ́ lára, torí ó gbà á gbọ́.

"Mo gbà," ló wí, ó sì tún un sọ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Àlùfáà gba máìkì rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà.